Ayé Nínú Àtẹ́lẹwọ́: Àwòrán Kékeré, Erékùṣù Òkèèrè àti Ilẹ̀ Adja-Ouèrè

        

Ìgbìmọ̀ àjọ̀dún Adja-Ouèrè ní kí n sọ̀rọ̀ lórí yíya àwòrán kékeré, irú èyí tí àwọn ará erékùṣù ilẹ̀ olóoru fi ń ṣàfihàn ìgbé ayé wọn àti ẹwà ilẹ̀ wọn. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín ti ń bi ara rẹ̀ pé kí ló kan Adja-Ouèrè kan erékùṣù. Orí ilẹ̀ gíga la wà. Ọ̀pẹ, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ la mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí òkun níbí gbọ́dọ̀ wọkọ̀. Ìbéèrè náà tọ̀nà, mo sì gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò. Ẹni tó bá ń ya àwòrán kékeré kò lè ya gbogbo nǹkan. Ó di dandan kó yan. Ẹni tó bá sì ń yan, òun ló ń sọ fún ayé ohun tí ilẹ̀ kan jẹ́. Ní àwọn erékùṣù, àlejò ló kọ́kọ́ yan, kó tó di pé ọmọ ilẹ̀ gba búrọ́ọ̀ṣì. Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún lónìí ni pé kí ọmọ ilẹ̀ yìí tètè mú búrọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n má baà bá a yan ohun tí kò mọ̀.

Kí ni à ń pè ní àwòrán kékeré?

Àwòrán kékeré kì í ṣe àwòrán ńlá tí wọ́n gé kù. Iṣẹ́ tó ní òfin tirẹ̀ ni. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láyé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, ayàwòrán kan wà tí ń jẹ́ Nicholas Hilliard. Wọ́n bí i ní nǹkan bí 1547, ó sì kú ní 1619. Awọ ọmọ màlúù tí wọ́n fá tí wọ́n sì dán ló ń yàwòrán lé. Awọ náà fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè dá dúró, nítorí náà ó máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì tí àwọn ènìyàn fi ń ta tẹ́tẹ́. Ìkarahun ló ń po ọ̀dà sí. Irun ọ̀kẹ́rẹ́ ni búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Odindi ènìyàn, tòun ti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti ìṣẹ́po aṣọ, á wà nínú ohun tí ọbabìnrin lè há mọ́ ọwọ́. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1700, àwọn ayàwòrán Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í fi eyín erin pẹlẹbẹ rọ́pò awọ, eyín erin ilẹ̀ Áfíríkà sì wà lára èyí tí wọ́n lò. Ohun ilẹ̀ wa ti bá wọn ṣe iṣẹ́ náà kí àwa tó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ káàdì kò tán síbẹ̀. Ní 1997, ní ìlú Zürich ní Switzerland, M. Vänçi Stirnemann dá àṣà kan sílẹ̀: kí ayàwòrán yàwòrán sórí káàdì tó jẹ́ mílímítà 64 sí 89, kó má tà á, ṣùgbọ́n kó fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ayàwòrán mìíràn. Fún mi ní tìrẹ, gba tèmi. Àṣà náà tàn ká ayé. Nígbà tó yá, àwọn kan sọ ọ́ di ọjà, etíkun, ẹyẹ, òdòdó àti ẹja sì wà lára ohun tí wọ́n ń yà.

Kí ni òfin iṣẹ́ náà? Ẹni tó ní ògiri lè ya ọjà Ikpinlè látòkè délẹ̀: àgbàdo, gàrí, aṣọ, alùpùpù zémíjàn, ariwo àti eruku. Ẹni tó ní káàdì kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ dúró kó ronú. Ṣé ọwọ́ ìyá tó ń wọn epo pupa ni yóò yà ni, àbí ọmọ tó sùn sábẹ́ àtẹ? Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Káàdì kékeré ló ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ yẹn ju ẹnu olùkọ́ lọ.

Erékùṣù kò jìnnà sí oko wa

Ẹ jẹ́ ká sọdá òkun báyìí. Bí ẹ bá rí àwòrán kékeré láti Jàmáíkà, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí èso pupa kan tó lanu sí mẹ́ta, tí kóró dúdú dídán wà nínú rẹ̀, tí ara kóró náà sì ní ohun jíjẹ tó funfun bíi wàrà. Wọ́n ní èso orílẹ̀-èdè àwọn nìyẹn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá mi, kí ni ẹ ń pè é? Iṣin ni! Ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni igi iṣin ti ṣẹ̀. Láyé òwò ẹrú ni wọ́n gbé e dé Jàmáíkà, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ William Bligh mú un láti ibẹ̀ dé ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1793, àwọn onímọ̀ ewéko sì fi orúkọ Bligh pe igi náà. Ọmọ wa ni wọ́n gbé lọ, orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n sì sọ ọ́.

Ẹ tún wo lékèélékèé, ẹyẹ funfun tó ń tẹ̀ lé màlúù káàkiri. Òun kò dúró de ọkọ̀ ẹnikẹ́ni. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní apá àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà. Ìyẹ́ rẹ̀ ló fi sọdá òkun. Láti ibẹ̀ ló ti fò dé erékùṣù lóríṣiríṣi. Ní ti àgbọn tí gbogbo ènìyàn fi ń ṣe àmì etíkun, àlejò lòun náà jẹ́ níbẹ̀ àti níbí. Apá Éṣíà ló ti wá.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ohun tí ayé ń pè ní ẹwà erékùṣù, tí wọ́n ń rà tí wọ́n sì ń gbé kọ́ ògiri, púpọ̀ nínú rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé wa níbí. Iṣin wà. Lékèélékèé wà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà. Ilá wà. Ohun tí kò tíì pọ̀ ni ọwọ́ tó ń yà wọ́n.

Àwọn bọ́tìnnì kan ní New York

Àwọn wo ló kọ́kọ́ ya erékùṣù wọ̀nyẹn? Ọ̀kan nínú wọn ni Agostino Brunias, ọmọ Ítálì tí wọ́n bí ní Róòmù ní nǹkan bí 1730. Òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan, Sir William Young, tó ń bójú tó títa ilẹ̀ àwọn erékùṣù tí Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, ló mú un lọ. Dominica ni Brunias gbé pẹ́ jù, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1796. Ó ya ọjà aṣọ, ó ya ijó, ó ya àwọn obìnrin tó ń fọṣọ lódò, ó ya gèlè àti yẹtí. Ọwọ́ rẹ̀ dán, kò sẹ́ni tó lè jiyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ wá ohun tí kò sí níbẹ̀. Láti ara ìrèké ni ọ̀pọ̀ owó erékùṣù wọ̀nyẹn ti ń wá, ẹrú ló sì ń gé e, tí ń lọ̀ ọ́, tí ń sè é. Nínú àwòrán Brunias, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ tó rí ẹni tó ń gé ìrèké, ẹ ò sì ní rí pàṣán. Ẹni tó ń sanwó fún un fẹ́ kí erékùṣù náà dùn-ún wò, kí ẹni tó ń ra ilẹ̀ lè tètè yọwó. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Nígbà mìíràn sì rèé, ó ríran, ẹni tó gbà á síṣẹ́ ni kò fẹ́ kó sọ.

Ní Cooper Hewitt, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní New York, bọ́tìnnì 18 wà tí wọ́n ya irú àwòrán Brunias sí lára. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju ohun tí ọmọdé lè fi àtẹ́lẹwọ́ bò lọ, síbẹ̀ ènìyàn ń jó níbẹ̀, wọ́n ń kíra, igi sì wà lẹ́yìn wọn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ara ẹ̀wù Toussaint Louverture ni bọ́tìnnì wọ̀nyẹn wà. Mo mọ̀ pé orúkọ yẹn kò ṣàjèjì létí yín. Òun ni ọ̀gágun tó ṣáájú àwọn ẹrú tó dìde ní Saint-Domingue, ilẹ̀ tó di Haiti ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1804. Òun fúnra rẹ̀ ti kú sẹ́wọ̀n ní ilẹ̀ Faransé ní 1803. Ìtàn ìdílé rẹ̀ sọ pé ọmọ Allada ni bàbá rẹ̀, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa yìí, ère rẹ̀ sì dúró ní Allada títí dòní.

Bí ìtàn àtẹnudẹ́nu náà bá jẹ́ òótọ́, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí: àwòrán tí wọ́n fi ń pọ́n àwọn olóko ìrèké lé, ẹni tó tú àwọn ẹrú sílẹ̀ ló gbé e wọ̀. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ohun kékeré lè yí ọwọ́ padà, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn.

Ní Havana, ní Kúbà, ọ̀rọ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbẹ́nàgbẹ́nà aláwọ̀ dúdú kan, José Antonio Aponte, ní ìwé kan tó kún fún àwòrán àwọn ọba àti ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú. Ìjọba ní ó ń dìtẹ̀, wọ́n mú un, wọ́n sì ní kó máa ṣàlàyé ìwé náà lójú ewé lójú ewé. Wọ́n pa á ní oṣù kẹrin ọdún 1812. Ìwé náà ti sọnù. Ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nípa àwòrán kọ̀ọ̀kan, tí akọ̀wé ilé ẹjọ́ kọ sílẹ̀, nìkan ló ṣẹ́kù lọ́wọ́ wa. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Mo máa padà sórí rẹ̀ nígbà tí a bá dé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́.

Ìyẹ́ adìẹ

Ìgbà wo wá ni ọmọ ilẹ̀ gba búrọ́ọ̀ṣì? Ní Haiti, ẹ jẹ́ ká mú Hector Hyppolite, tí wọ́n bí ní 1894. Àwòrò vodou ni, ẹ̀sìn tí gbòǹgbò rẹ̀ wà nílẹ̀ wa níhìn-ín. Ilẹ̀kùn ilé ọtí kan létí ọ̀nà ló kùn ní òdòdó àti ẹyẹ, àwọn tó dá Centre d'Art sílẹ̀ ní Port-au-Prince ní 1944 sì rí i, wọ́n wá a kàn. Ọ̀dà tí àwọn ènìyàn fi ń kun àga ló ń lò, ìyẹ́ adìẹ sì wà lára ohun tó fi ń kùn ún. Ó kú ní 1948, ṣùgbọ́n kó tó kú, àwọn gbajúmọ̀ láti Paris ti ń ra iṣẹ́ rẹ̀. Kò ya erékùṣù fún ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀. Àwọn òrìṣà tó ń sìn ló yà, láàárín òdòdó tó mọ̀.

Ìyẹ́ adìẹ kẹ̀! Ẹ̀yin tí ẹ ní ìbátan ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, ṣé ẹ ò ti rántí nǹkan? Bí àwọn ìyá aládìrẹ ẹlẹ́kọ ti ń ṣe nìyẹn. Wọ́n á po ẹ̀kọ láti ara ẹ̀gẹ́, wọ́n á ti ìyẹ́ adìẹ bọ̀ ọ́, wọ́n á máa fi yàwòrán sórí aṣọ funfun kí wọ́n tó rì í sínú aró. Wọ́n á kọ́kọ́ pín aṣọ náà sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, igun kọ̀ọ̀kan á sì ní àwòrán tirẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní Olókun kún fún ohun abẹ̀mí àti ewé. Èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn dùn ní òpó gbọ̀ngàn Máàpò lára. Bí ẹ bá gé igun kan kúrò lára aṣọ náà, àwòrán kékeré lẹ mú dání. Ìyá tó yà á kò lọ ilé-ẹ̀kọ́ àwòrán kankan, ó sì mọ ohun tó yẹ kó wọ inú igun àti ohun tó yẹ kó dúró síta.

Orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́

Bí a bá ti dé ilé, ẹ má jẹ́ ká kọjá lójú ilé. Ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Kétu ni ìtàn sọ pé ijó ìbòjú yìí ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo agbègbè yìí, láti Kétu dé Pobè àti Sakété, ló sì ń ṣe é. Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pé ó jẹ́ ohun iyebíye fún gbogbo aráyé. Ní 2008 wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ àjogúnbá, lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò.

Ẹ wo igi tí wọ́n fi gbẹ́ ìbòjú rẹ̀ dáadáa nígbà tó bá tún jáde. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ojú obìnrin tó fara balẹ̀. Ohun tó wà lókè orí rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Ejò ń gbé ẹyẹ mì. Ìyá kan gbé igbá ọjà. Télọ̀ jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ẹlòmíràn gun alùpùpù. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń jáde láti ara igi kan ṣoṣo, wọ́n wá kùn ún ní àwọ̀ tó ń pariwo. Láyé àtijọ́, ẹfun, osùn àti aró ni wọ́n fi ń kùn ún. Lónìí, ọ̀dà inú agolo ni. Kí lèyí bí kì í bá ṣe àwòrán kékeré? Agbẹ́gilére wo gbogbo ìlú, ó yan nǹkan kan, ó gbé e ka orí kí gbogbo ọjà lè rí i. Nígbà mìíràn ó fi yin ìlú, nígbà mìíràn ó fi bá ìlú wí. Ohun tí Brunias kò lè sọ nítorí ẹni tó gbà á síṣẹ́, agbẹ́gilére wa ń sọ ọ́ lójú ọba àti ìjòyè, wọ́n sì ń gbà á.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òyìnbó ló ni iṣẹ́ àwòrán kékeré, ẹ ní kó wá wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́.

Ohun tí a lè yà, àti bí a ṣe lè yà á

Ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀ sórí iṣẹ́ ọwọ́. Ní Kútọnu, ọ̀pọ̀ àwòrán tí wọ́n ń tà fún àlejò ló jẹ́ ti Ganvié, ìlú orí omi: ọkọ̀ ojú omi kan, ilé orí òpó, oòrùn tó ń wọ̀. Ganvié ló sún mọ́ erékùṣù jù nínú ohun tí a ní, mi ò sì bá ẹni tó ń jẹun nídìí rẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé lórí adágún Nokoué mọ akájà, ìyẹn ẹ̀ka igi tí wọ́n ń rì mọ́ inú omi kí ẹja lè fi ṣe ilé. Wọ́n mọ bí ẹ̀ka náà ṣe ń jẹrà, wọ́n mọ ẹja tó ń wá àti èyí tí kò wá mọ́. Ìyẹn ni àwòrán tí oòrùn tó ń wọ̀ ń bò mọ́lẹ̀.

Tiwa náà wà. Ẹ ya ìdì ẹyìn kan, kí ẹ fi hàn bí ẹ̀gún rẹ̀ ti pọ̀ tó láàárín èso. Ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobè láti 1922, àwọn onímọ̀ sì ti kọ púpọ̀ nípa igi yìí. Ẹ̀yin ni kí ẹ ya ọwọ́ ẹni tó ń gùn ún. Ẹ ya ilẹ̀ pupa wa nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án, tó ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀. Ẹ ya ìtẹ́ ẹ̀gà. Ẹ ya ọyẹ́ lójú ewé. Bí wọ́n bá gé ìrókò kan lágbègbè yín, ẹ ya kùkùté rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ má bò ó mọ́lẹ̀ bí Brunias ti bo oko ìrèké.

Owó kọ́ ló máa dá yín dúró. Páálí ìwé tí ẹ ti lò tán, tí ẹ gé ní ìwọ̀n káàdì, ti tó. Ẹ sẹ́ ilẹ̀ pupa, ẹ lọ èédú, ẹ wá ẹfun lọ́jà, ẹ fi oje igi tó ń lẹ̀ pò ó pọ̀. Romuald Hazoumè, tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́ ní 1962, fi gálọ́ọ̀nù epo kpayo, ìyẹn epo mọ́tò àfàyàwọ́, ṣe ìbòjú tí gbogbo ayé mọ̀; ní 2007 ó gba ẹ̀bùn Arnold Bode ní ìlú Kassel, ní Jámánì. Gálọ́ọ̀nù yẹn ni ẹ ń rí lórí alùpùpù lójú ọ̀nà wa lójoojúmọ́.

Ìmọ̀ràn mẹ́ta péré. Èkíní, ẹ fi ojú wo nǹkan náà pẹ́ ju bí ẹ ṣe máa fi ọwọ́ yà á lọ. Ìkejì, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọ̀ tó fúyẹ́, kí ẹ tó lọ sórí èyí tó wúwo. Lórí káàdì kékeré, àṣìṣe kò ní ibi tí yóò sá sí. Ìkẹta, ẹ kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn rẹ̀: orúkọ yín, ọjọ́, ibi tí ẹ ti rí nǹkan náà, orúkọ rẹ̀ lédè wa, àti ohun tí ẹni tó ni ín sọ nípa rẹ̀. Ẹ rántí Aponte. Ìwé rẹ̀ sọnù, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló gbà á là. Bí káàdì yín bá bọ́ sọ́wọ́ àlejò lọ́la, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò wí fún un pé iṣin ni, Massè ni ó ti so, ẹnì kan báyìí ló gbìn ín.

Ẹ̀bẹ̀ mi

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ fún ara wa: iṣẹ́ yìí kò ní sọ ẹnikẹ́ni dolówó ní ọ̀sán kan òru kan. Ohun tí yóò ṣe ni pé yóò fi ẹ̀rí ilẹ̀ yìí sọ́wọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí.

Kábíyèsí, mo bẹ̀bẹ̀ kí ẹ pàṣẹ pé kí àwọn agbẹ́gilére gba àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ láàyè lágbàlá wọn, kí wọ́n lè wo bí wọ́n ṣe ń yan ohun tó ń gun orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wá àpótí kan fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa fi káàdì kan sínú rẹ̀ lóṣooṣù. Bí ọdún bá yí po, àpótí yẹn á di ìwé ìtàn. Ẹ kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Kétu, òmíràn ní Ìlaró, òmíràn ní Haiti bó bá ṣeé ṣe, kí àwọn ọmọ máa ṣe pàṣípààrọ̀ káàdì. Ọmọ Haiti tó bá rí ewé wa àti ìtàkùn wa lè rí ohun tí ìyá ìyá rẹ̀ sọ fún un. Ẹ̀yin òbí, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Bí ọmọ bá jókòó síwájú kòkòrò kan fún ìgbà pípẹ́, ẹ má tètè pè é ní ọ̀lẹ. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ló ń ṣe.



     Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo ń retí káàdì àkọ́kọ́ láti ọwọ́ yín.